Pọ́ǹpù Tó Ń Jẹnu Lásán

Nínú mọ́tò tó ń ti Ọ̀fà lọ Ìlemọ́nà, iwájú mi ni òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ti ń bá ìyá àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀.

"Mummy, pọ́ǹpù tó ń wọn oògùn apakòkòrò sínú omi wa, láti Mọ́ńdè ni ò ti wọn nǹkan kan!"

"Ṣé kò dún ni?"

"Ó ń dún kẹ̀! Tí ooru bá mú, oògùn yẹn a máa hó, afẹ́fẹ́ á wá dí pọ́ǹpù lọ́fun. Á kàn máa jẹnu lásán bí ewúrẹ́ ni, kò ní gbé nǹkan kan mì."

"Jẹnu lásán! Ẹ wá ń ta omi ọ̀hún?"

"Dídún tó ń dún la gbọ́jú lé, mà."

"Yéè! Kí lorúkọ omi yín?"

 Ọ̀rá omi tí ìyá náà ti mu dé ìdajì ni òṣìṣẹ́ náà tẹjú mọ́.