Ogójì Ìṣẹ́jú Láti Ìkẹjà sí Àkúrẹ́

Màámi, ẹ jókòó. Bàbá Mọ́láyọ̀, ẹ dìde nílẹ̀, ẹ yé bẹ̀ wọ́n. Ọdún keje rèé tí ẹ ti ń ti Òkè-Àrò ní Àkúrẹ́ wá sí Mágbọ̀rọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wa nítorí ikú Kẹ́hìndé, ìyàwó yín, ìkejì mi. Nígbà tí ẹ wá lóṣù tó kọjá, mo gbọ́ tí ẹ ní ẹ̀yin lẹ pa á. Ẹ̀yin kọ́. Èmi Táíyé ni. Ohun tí mo gbé mì láti ọjọ́ náà, màá pọ̀ ọ́ lónìí.

Láàárọ̀ tí ẹ pè mí láti Àkúrẹ́, ẹ ní Kẹ́hìndé ti bímọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò dá lára rẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ tiwa ṣọ̀wọ́n, èyí tó wà ní ọsibítù sì ti tán. Ẹ ní kí n wá fún un ní ẹ̀jẹ̀, kí n má wọ mọ́tò, pé ó kéré tán wákàtí márùn-ún ni, pé ogójì ìṣẹ́jú péré ni bàálù láti Ìkẹjà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì aago mẹ́wàá fún mi. Mi ò wọ bàálù rí, ojú sì tì mí láti sọ pé ẹ̀rù ń bà mí.

Mo débẹ̀ lásìkò. Mo bá èrò tò dé ẹsẹ̀ àkàsọ̀ bàálù, ni ẹsẹ̀ mi bá kọ̀. Ọmọbìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, kí ẹ tó jẹ bísíkíìtì tán, ẹ ti dé." Mo ní mo gbàgbé nǹkan. Mo padà sẹ́yìn, mo jókòó, mo ń wo bàálù náà bó ṣe gbéra. Ká ní mo sáré wọ mọ́tò nígbà náà, bóyá ǹ bá bá a láàyè. Ṣùgbọ́n mo ń tan ara mi pé màá wọ ti aago méjì. Nígbà tí ẹ pè, mo ní ọyẹ́ ló bo Èkó, pé wọn ò jẹ́ kí bàálù kankan fò. Irọ́ ni. Oòrùn ń ràn.

Ó ṣì kù. Láago kan, ẹ tún pè. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà wà ní Oǹdó, ẹ fẹ́ sáré lọ gbé e wá. Mo ní, "Ẹ má fi í sílẹ̀. Wọ́n ti ń pè wá wọlé." Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ jókòó tì í. Ó gba fóònù lọ́wọ́ yín, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ní, "Táíyé, tètè máa bọ̀, òtútù ń mú mi." Bàálù aago méjì náà lọ lójú mi, mo tún pè yín pé ọyẹ́ ti dá wa padà. Kí wọ́n tó kí ìrun àsárì, ẹ pè pé kí n máa padà sílé.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí a ti sọ ọmọ lórúkọ, Màámi bi yín pé ta ló ní kí n lọ máa dúró de bàálù nígbà tí mọ́tò wà. Ẹ ní ẹ̀yin ni. Kàkà kí n dákẹ́, èmi ìkà yìí, mo fi kún un pé, "Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n wọ mọ́tò, wọ́n kọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ni Màámi gbọ́ tí wọ́n fi gba ọmọ lọ́wọ́ yín. Òun náà ló ń mú kí Mọ́láyọ̀ sá wọ yàrá bí ẹ bá ti yọ.

Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Mọ́láyọ̀ láàárọ̀ yìí, mo sì ti di ẹrù rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn sọ pé ẹ̀rù ń bà mí. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ mú un lọ sílé.