Yẹtí Ìyá Àgbà Nínú Fótò Eyín

Alága wa, Olóyè Ọláwuyì, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin àlejò láti Ọ̀rà àti Ọ̀tan, mo kí yín. Dókítà Oyèlẹ́yẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ̀yìntì lónìí lẹ́yìn tí gbogbo Ìlá ti la ẹnu gbàǹgbà níwájú yín, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni Ayọ̀dèjì, ọmọ ọmọ Ìyá Àsíátù tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Àwọn tí dókítà tọ́jú eyín wọn ló ní kí n bá àwọn sọ̀rọ̀, torí mo lè fi ohùn ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Alága, ohùn tiyín náà wà níbẹ̀, àmọ́ mo fi sínú àpò lónìí.

Ta ni kò mọ̀ pé Ìyá àgbà fẹ́ràn àgbàdo sísun? Ta ni kò mọ̀ pé látìgbà tí eyín méjì ti bọ́ nísàlẹ̀ lápá òsì, ńṣe ni wọ́n kàn ń wo àgbàdo níran? Nígbà Iléyá ọdún 1996, àbúrò bàbá mi, Bọ̀ọ̀dá Olúsọjí, dé láti Lọ́ńdọ̀n, wọ́n ní dókítà kan ní Ìbàdàn lè gbin eyín sínú eegun àgbọ̀n, bí káfíńtà ṣe ń de síkúrù mọ́ igi. Wọ́n tún ní: "Ẹ̀rọ tó tóbi jù ni kí wọ́n fi ya orí Màmá, èyí tó ń gé e wẹ́wẹ́ nínú fótò bíi búrẹ́dì."

A gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ dókítà wa níbí, wọ́n yọ awò ojú wọn. Ẹ gbọ́ ohùn wọn: "Ọ̀gbẹ́ni, kí la fẹ́ bi fótò ọ̀hún? Iṣan kan gba inú eegun yẹn. Bí síkúrù bá kàn án, ètè Màmá ò ní mọ̀ mọ́ bí ẹ̀kọ bá gbóná. Gíga eegun tó wà lórí iṣan yẹn la fẹ́ mọ̀. Fíìmù kékeré tèmi ò ní dé ìsàlẹ̀ tó, àmọ́ ẹ̀rọ Ìbàdàn tó ń yí orí po láti ya fótò eegun á tó. Ìbú eegun, màá fọwọ́ mi wò ó."

Ìyá àgbà gbọ́ fótò, wọ́n lé tìróò, wọ́n wé gèlè, ó di Ìbàdàn. Ẹni tó fẹ́ yà á ní kí wọ́n yọ gèlè àti yẹtí. Wọ́n yọ ọ́. Bó ṣe kẹ̀yìn sí wọn, yẹtí gbọọrọ ti padà sétí. "Kí n ya fótò bí ẹni tí olè jà?"

Fótò jáde, nǹkan funfun kan wà ní àgbọ̀n òsì. Dókítà Ìbàdàn ní ó jọ kókó, àwọn á la ibẹ̀ wò ná. Ìyá àgbà ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Bọ̀ọ̀dá tún bẹ̀rẹ̀: "Ṣebí mo ní ẹ̀rọ ńlá."

A kó fótò padà wá sí Ìlá. Dókítà wa gbé e sí fèrèsé, wọ́n wò ó, wọ́n wá wo etí Ìyá àgbà.

"Màmá, yẹtí yín mà dára o. Òun lẹ wọ̀ lọ?"

"Ẹ̀n, ṣé fótò kọ́ ni?"

"Bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń yí orí po, ti etí ọ̀tún ló ju òjìji sí àgbọ̀n òsì yìí. Ẹ lọ yọ ọ́, kí wọ́n tún un yà."

Wọ́n tún un yà, àgbọ̀n mọ́ tónítóní, eegun sì tó. Wọ́n gbin eyín méjèèjì, ètè ṣì ń mọ ẹ̀kọ gbígbóná. Dókítà, ká ní ìdí ẹ̀rọ ńlá lẹ rán wa lọ, à bá gbà. Etí Ìyá àgbà lẹ wò.

Àwọn tí mo ti fi ohùn wọn ṣeré, ẹ má bínú. Dókítà, kí ilé yín ní Iresi tù yín lára, kí eyín yín pẹ́ lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni má fi ìrora eyín jí yín mọ́.

Ayàwòrán ti dé síta. Ìyá àgbà, ẹ lọ dúró ti dókítà, ẹ rẹ́rìn-ín kí eyín hàn. Ẹ wọ yẹtí yín. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ yọ ọ́ lónìí. Ẹ ṣé o.