Ajá Tó Ń Ha Géètì Ilé Ara Rẹ̀

Lọ́jọ́ tí mo gbé ológbò mi lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan ní Ìsọlọ̀, ìyá àgbàlagbà kan àti ọmọbìnrin kan tó fa ajá mẹ́ta dání ló wà níwájú mi lórí ìlà.

"Àwọn méjì tó ń dán yìí, tìẹ ni?"

"Rárá, mà. Oníbàárà mi ní Àjàó Estate ló ni wọ́n. Bí wọ́n bá rìnrìn-àjò, èmi ni mo ń bá wọn tọ́jú ajá. Tèmi lèyí tó dùbúlẹ̀ yẹn."

"Èyí tí èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀ yẹn? Mo rò pé ajá ojú títì ló ṣìnà wọ àárín wa. O kú ìtọ́jú o."

"Àlejò la kọ́kọ́ ń fún lóúnjẹ, mà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn."

"Wọ́n tọ́ ọ dáadáa. Ìgbà wo wá làwọn àlejò ń lọ?"

"Òmíràn ti máa ń dé kí ti àkọ́kọ́ tó lọ."

"Ọlọ́run á túbọ̀ bù sí i. Ajá tìẹ náà ò bínú?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí mo bá ti ṣí géètì láàárọ̀ báyìí, á jáde, á wá máa ha géètì láti ìta bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀."

"Ajá yẹn gbọ́n," ni ìyá náà wí. "Ó ti rí i pé ẹni tó bá ti ìta wọlé nìkan lò ń fún lóúnjẹ."