Omi Inú Gíábọ́ọ̀sì Ìyáàfin Gilhooly

Òótọ́ ni, Fádà! Kí n tó jókòó pàápàá, ẹ jẹ́ kí n búra: bí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan bù mọ́ ọn, kí orúnkún mi méjèèjì kọ̀ mí sílẹ̀ lójú títì tí ọkọ̀ kankan kì í gbà. Ó ṣẹlẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Rárá o, mi ò mu nǹkan kan! Tíì ni. Ẹ wá gbóòórùn ẹnu mi bó bá ń ṣe yín bí irọ́!

Èmi Mossie Rafferty, tí mo ti fi ọwọ́ yìí tú katakata láti Drumlahan níbí títí dé òdì kejì omi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo sùn sábẹ́ afárá, tí mo sùn sínú koríko ẹran, tí kò sẹ́ni tó sọ rí pé mo ba ẹ̀rọ òun jẹ́, èmi ni Attracta Gilhooly nàka sí lójú gbogbo ìjọ níbi oúnjẹ lẹ́yìn ìdíje katakata! Ó ní epo tí mo dà sí gíábọ́ọ̀sì katakata olóògbé ọkọ òun ló bà á jẹ́. Ó ní kí n kó ẹrù mi kúrò ní yàrá òkè ilé màlúù òun. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Fádà, ẹ ń jẹ búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yín jẹ́jẹ́. Ẹ ò fọhùn!

Ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ẹ̀yin kọ́ lẹ dúró níbẹ̀ níbi ìdíje fífi katakata túlẹ̀? Gbogbo katakata àtijọ́ tò lọ bẹẹrẹ, tiẹ̀ ló máa ń ṣíwájú, kékeré aláwọ̀ eérú yẹn. Ó fi rìfáàsì wọ àyè ẹ̀, kò sí wàhálà. Ìgbà tó ní kí òun máa lọ síwájú, gíà kọ̀! Ẹ̀rọ ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ níru, ó sì ń fẹ̀yìn rìn. Ẹ̀yìn nìkan ló mọ̀! Ó fẹ̀yìn kọjá tábìlì àwọn adájọ́, ó fẹ̀yìn kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ó fẹ̀yìn délé, obìnrin yẹn sì jókòó gangan lórí ẹ̀ pẹ̀lú fìlà ọjọ́ ìsìn, ó ń wò wá bó ṣe ń jìnnà sí wa, bí ọbabìnrin tí ara àlejò ẹ̀ ti sú. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, díẹ̀ báyìí. Ẹ kọ ọ́ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, ká máa lọ.

Ṣé mo wá sá? Mo kọrí sábẹ́ katakata, mo tú nọ́tì ìsàlẹ̀ kí epo lè jáde. Fádà, ohun tó jáde funfun! Funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì bò. Epo gíà kì í funfun láyé! Bó bá ti funfun, omi ti wọ̀ ọ́. Omi wo? Omi ibo? Mo ní bóyá òjò ló ń gba ìdí ọ̀pá gíà wọlé, torí bí katakata yẹn ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí rọ́bà ìdí ọ̀pá bá ya. Mo wo rọ́bà, ó le koko, èmi fúnra mi ni mo lẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn pàápàá ò ráyè gba ibẹ̀. Omi ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Kò lọ́nà kankan tó lè fi débẹ̀. Àbí màlúù ló tọ̀ sí i? Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo rò ó dé ibẹ̀!

Mo bá ṣí i lókè. Ááà! Gbogbo ọ̀pá inú ẹ̀ ti dípẹtà, béárìn kan tó ń gbé ọ̀pá náà ti fọ́ wẹ́wẹ́, eyín gíà ti kán káàkiri bí ẹnu àwọn tó ń ja ẹ̀ṣẹ́ ní ọjà ẹṣin. Ohun kan wá há sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà rìfáàsì, kò jẹ́ kó kúrò lójú kan. Ó ń dán. Mo fi wáyà fà á yọ. Òun nìyí. Ẹ gbà á, ẹ wò ó dáadáa! Ẹ ò dá a mọ̀? Mẹ́dàlì Kristófà Mímọ́ ni! Gíà ti jẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì. Ẹni mímọ́ tí gbogbo arìnrìn-àjò ń ké pè, kò lẹ́sẹ̀ mọ́!

Mo mú un wọ ilé ìdáná lọ bá obìnrin náà. Ó ń gé búrẹ́dì. Mo ní, "Ìyáàfin Gilhooly, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ dà sínú gíábọ́ọ̀sì yìí?" Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè ohun tó wọ̀ sábẹ́ aṣọ. Ó ní, "Omi mímọ́ ni. Kí lo fẹ́ kí n dà sí i?" Mo ní, "Omi mímọ́?" Ó ní, "Mossie, ìgbà wo ni Fádà súre fún katakata ní ìlú yìí tí òjò ò rọ̀? Bó ṣe ń wọ́n ọn ni òjò ń fọ̀ ọ́ lọ. Kí ló wá kù fún tèmi? Mo bu tèmi sínú ìgò, mo tú nọ́tì, mo dà á síbi tí òjò ò lè dé." Ọdọọdún ni o, Fádà! Mo ní, "Mẹ́dàlì yìí ńkọ́?" Ó ní, "Ṣé kí omi nìkan máa dá gbé ibẹ̀ ni?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin pẹ̀lú ẹ mọ òjò Drumlahan! Ọ̀rọ̀ ẹ̀ bọ́gbọ́n mu, ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn! Mo ní kó ṣáà sọ fáwọn èèyàn pé kì í ṣe epo mi. Ó ní omi mímọ́ kì í ba nǹkan jẹ́. Ó ní epo mi ló kọ ìbùkún. Epo mi! Ṣé epo mi di Júdásì ni?

Mo tún un ṣe ṣá. Mo fi kẹrosíìnì fọ inú ẹ̀ títí ó fi ń kọ mànà, mo lọ yọ béárìn àti gíà lára òkú katakata tó ń jẹrà lẹ́yìn ilé Fergal Tiernan, mo tò ó, mo tún un tò. Láàárọ̀ yìí gíà ń wọlé, ó ń jáde, bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó ti mọ́ ọn lára.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí mo bá wá. Lọ́jọ́ Àìkú, lórí pẹpẹ, kẹ́ ẹ là á mọ́lẹ̀ pé epo Mossie Rafferty ò lábùkù, àti pé èèyàn ni wọ́n ń wọ́n omi mímọ́ sí lára, kì í ṣe inú gíábọ́ọ̀sì! Ẹnu yín nìkan ni Ìyáàfin Gilhooly ti lè gbà á gbọ́. Ẹrù mi ti wà lẹ́nu géètì, Fádà. Mi ò lè padà sábẹ́ afárá mọ́, egungun mi ò gbà. Yàrá yẹn móoru. Màlúù á máa mí nísàlẹ̀, ooru ẹ̀ á máa gba àárín pákó bọ̀ wá bá mi. Mi ò fẹ́ lọ. Ó tán, mo ti sọ ọ́.

Kí ni? Ṣé mo ti fi iṣẹ́ náà hàn án? Mo fi hàn án! Ó jáde wá, ó gun katakata, ó wà á síwájú dé géètì, ó fi rìfáàsì padà, ó pa ẹ́ńjìnnì. Mo dúró síbẹ̀, epo dé ìgbọ̀nwọ́ mi, mo ń retí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu ẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbọn aṣọ ẹ̀. Ó ní, "Mo sọ fún ọ pé omi yẹn máa ṣiṣẹ́."

Ohun tó sọ nìyẹn. "Mo sọ fún ọ pé omi yẹn máa ṣiṣẹ́."