Àpò Lẹ́tà Tó Ní Fèrè

Alága wa, Tíṣà Bámgbóyè, tí ẹ fi yàrá iwájú ilé yín ní Òkè-Ìlá ṣe ilé ẹgbẹ́ fún wa. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ ti Ìgèdè wá. Àti màmá mi, tí wọ́n ti Ìyìn wá, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ gùn: mo kí yín, mo tún yín kí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́ pé ẹ wá.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń dágbére a máa fajú ro díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí ìyẹn lọ́dọ̀ èmi Ayọ̀rìndé. Inú mi dùn pé mo ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yìí sílẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti fi mí ṣe olùtọ́jú àwọn álúbọ́ọ̀mù inú rẹ̀, òjò kì í ṣú l'Adó kí ọkàn mi má sáré wá sórí páànù ilé yìí. Bí ààrá bá sán nígbà tí a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó kù á máa pe Jésù, èmi á máa ro sítáǹpù. Lónìí, ara mi fúyẹ́.

Kí ẹ̀yin àlejò má baà máa wo ara yín lójú: sítáǹpù tó ní àwòrán ohun èlò orin nìkan ni à ń kó jọ níbí, àti òǹtẹ̀ pósọ́fíìsì tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Fèrè, dùùrù, gìtá, agogo. Bí ẹ bá mú sítáǹpù tó ní àwòrán ọba wá, a ó kí yín dáadáa, a ó sì dá a padà fún yín. Tíṣà Bámgbóyè, tí wọ́n ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi láti máa fi ẹ̀mú kékeré mú sítáǹpù kí òógùn ọwọ́ má baà bà á jẹ́, àti pé bí òǹtẹ̀ bá dára, a kì í yọ sítáǹpù kúrò lára àpò lẹ́tà. Ta ni ì bá ní irú sùúrù yẹn pẹ̀lú mi?

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa: olùtọ́jú kò gbọdọ̀ ní sítáǹpù tirẹ̀ nílé, kí tirẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ má baà dàpọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní nígbà tí ẹ yàn mí. Bàbá mi, tí wọ́n ń fun fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà wa ní Ìyìn kí wọ́n tó di olóògbé, kọ lẹ́tà sí màmá mi nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì. Sítáǹpù tó ní fèrè ni wọ́n wá kiri tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Òǹtẹ̀ Jọ́ọ̀sì wà lórí rẹ̀ roboto. Mo fi odidi àpò lẹ́tà náà sínú álúbọ́ọ̀mù ẹgbẹ́, torí òfin ni òfin.

Màmá mi kò gbà. Bí mo bá ti délé ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀: "Ayọ̀rìndé, mú lẹ́tà ọkọ mi wá ulé!"

"Màmá, ó ti wọ álúbọ́ọ̀mù."

"Ṣé álúbọ́ọ̀mù ló fẹ́ mi ni?"

Nígbà tí iṣẹ́ tuntun yọjú fún mi ní Ìlọrin, mo ní kí ẹgbẹ́ dá àpò lẹ́tà náà padà kí n tó lọ. Bàbá Ọláyíwọlá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, fárígá: "Ohun tó bá ti wọ álúbọ́ọ̀mù kì í jáde. Bí kálukú bá ń yọ tirẹ̀, kí ni yóò kù?" Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Bàbá ní orí mi le ju àpáta Ìkẹ́rẹ́ lọ. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ilé pín sí méjì. Àwọn kan kò kí mi mọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, màmá mi wọkọ̀ wá fúnra wọn. Dùnmínínú, tí yóò gba ipò mi, ṣí álúbọ́ọ̀mù síwájú wọn. Màmá na ọwọ́ sí i.

"Ẹ̀mú!" Bàbá Ọláyíwọlá kígbe. "Ẹ fún wọn ní ẹ̀mú!"

Màmá kò wo ibẹ̀. Wọ́n ti ìka bọ inú àpò lẹ́tà, wọ́n fa ìwé kan jáde, wọ́n sì na àpò náà sí Bàbá. "Ẹ gba páálí yín. Ìwé inú rẹ̀ ni mo ń bèèrè látọjọ́ yìí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, nínú gbogbo wa tí a ń bá ara wa jà, ta ló rántí pé lẹ́tà wà nínú àpò lẹ́tà? Kì í ṣe Tíṣà. Kì í ṣe èmi tí mo ń nu ọ̀rá tí a fi bò ó lójoojúmọ́. Màmá kà á lórí ìdúró, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ọláyíwọlá bi wọ́n pé kí ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni." Wọ́n ká a, wọ́n fi sínú báàgì. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì ra mínírà fún mi. Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀yin ni ẹ nífẹ̀ẹ́ álúbọ́ọ̀mù yìí jù.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti gún, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin tí mo lé sẹ́yìn torí òróró àkàrà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ni ẹ jẹ̀bi. Dùnmínínú, gbogbo sítáǹpù gìtá rẹ lo pín fún àwọn ará ẹgbẹ́ lánàá kí o tó lè gba kọ́kọ́rọ́ yìí. Mo rí ojú rẹ. Ẹni tó bá yọ ọ́ lẹ́nu, Ìlọrin kò jìnnà.

Láti òní lọ, èmi náà lè ní tèmi. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí mi. Bí ẹ bá rí sítáǹpù tó ní fèrè, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òfìfo ránṣẹ́ o. Màá kọ́kọ́ ka inú rẹ̀ kí n tó wo sítáǹpù ara rẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí páànù ilé yìí jò. Kí ikán má mọ ọ̀nà kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Kí ẹni tí kálukú yín ń retí ìròyìn rẹ̀ kọ̀wé sí yín láìpẹ́, kó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ayọ̀. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Màmá, ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ ulé.

Ẹ ṣé o.