Ọwọ́ Òsì Tí Mo Nà sí Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ọwọ́ mi méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Démiládé, jókòó, ìyá ẹ ò ní bá ẹ wí mọ́, mo ti ní kó fi ẹ́ sílẹ̀. Ṣé torí pé ọmọ na ọwọ́ òsì sí èmi bàbá àgbà láàárọ̀ yìí ni gbogbo ilé fi dàrú? Síkáòtù ni. Jamborí, àpéjọ àwọn Síkáòtù, ló ń lọ lọ́la, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe. Wọ́n kọ́ èmi náà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín...

Jamborí tiwa, Alápẹ̀rẹ̀ níbí la ti ṣe é. Ẹ gbọ́, Alápẹ̀rẹ̀ tí mò ń wí kì í ṣe èyí tó ní géètì àti síkiọ́rítì. Igbó ni. Tó o bá dúró ní Kétu lálẹ́, wàá máa gbọ́ igbe ọ̀pọ̀lọ́ láti ọ̀hún. Ìwọ, bọ́ọ̀sì ló máa gbé ẹ, wọ́n á ti pàgọ́ dè yín, ẹ ó máa ya fọ́tò kiri. Àwa la gé ọparun tí a fi pàgọ́. Igi ìṣáná kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa láti fi dáná. Tó bá kú, gàrí tútù lẹ máa mu. A di okùn mú, a fi sọdá odò. Wọ́n fi òkúta àti koríko dídì ṣàmì sínú igbó, à ń tọ àmì náà lọ, à ń sáré, ẹ̀gún ń ya wá lẹ́sẹ̀... Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Títí di ọ̀sán, inú mi dùn.

Ọ̀gá wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìwé kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Láti àárọ̀ títí a ó fi tú ká, ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ fi kí gbogbo èèyàn, torí òun ló sún mọ́ ọkàn. Ẹni tó bá na ọ̀tún, màá yọ nínú máàkì ẹgbẹ́ rẹ̀." Àwa mẹ́fà la wà nínú ẹgbẹ́ wa, èmi ni olórí. Ẹgbẹ́ tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa gba báàjì nírọ̀lẹ́. Aṣọ lásán ni o, wọ́n fi òwú ya ẹkùn sí i lára. Mo fẹ́ ẹ bí ẹni máa kú.

Wàyí o, bàbá mi. Káfíńtà ni, Ìjẹ̀bú ló ti wá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìkòsí, níbi tí wọ́n ti ń já tòmátò báyìí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo Síkáòtù ló gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá, ó sì ti ń fá tèmi láti ọjọ́ mẹ́ta, kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo bínú, mo gé ọparun dípò rẹ̀, mo lọ. Àṣé ó parí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó wẹ̀, ó wọ agbádá tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ọ̀pá lé èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìkòsí wá sí Alápẹ̀rẹ̀. Nínú oòrùn. Lóde òní ńkọ́? Ẹ ó pe dìsípáàṣì.

Ó bá wa lórí ìlà. Àwọn òbí tó wá wòran ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀, bàbá mi tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àkànní, ọ̀pá rẹ rèé." Ọwọ́ méjèèjì ló fi nà án sí mi. Mo wo ọ̀gá, mo rí bírò lórí ìwé. Mo bá dúró ṣánṣán. N ò dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ́rí fún un bíi sójà, mo na ọwọ́ òsì sí i.

Ṣé ẹ ó ní n ò mọ̀ ni? Mo mọ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni ò mọ̀?

Ó wo ọwọ́ náà. Ó wò ó pẹ́. Bàbá kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá wa ń sọ pé, "Bàbá, bí Síkáòtù ṣe ń kíni nìyẹn," ṣùgbọ́n bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọ̀pá sórí koríko. Jẹ́jẹ́ ni, kò jù ú. Ó yí padà, ó ń lọ. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sáré. Wọ́n bá fọn fèrè, báàjì ti yá. Mo ní nínú mi pé, kí n gba báàjì ná, màá bá a lọ́nà.

A gba báàjì. N ò bá a lọ́nà.

Ìyá mi ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ìwọ nà án sí bàbá fúnra rẹ̀." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá mi, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ti ọkàn, ti máàkì. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Dìde. Mo ti gbọ́." Kò lù mí. Ì bá tiẹ̀ lù mí...

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò gba nǹkan lọ́wọ́ mi mọ́. Kò bá mi jà o. Ó rán mi níléèwé, ó súre fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Àmọ́ tí mo bá gbé nǹkan wá, á ní, "Gbé e sílẹ̀." Á dúró kí n yọwọ́ tán kó tó mú un. Ọdún dé, ọdún lọ. Omi tó mu gbẹ̀yìn láyé yìí, èmi ni mo gbé e wá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ohùn rẹ̀ ti lọ. Ó fi ìka tọ́ka sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé e síbẹ̀. Ìyá mi ló mú un fún un.

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀pá tí mo fi ń rìn yẹn, òun náà ni, mo kàn gé e kúrú ni. Báàjì ńkọ́? N ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún mi, òsì yìí ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń gbé nǹkan fún yín. Ẹ̀yin ń gbà á, ẹ ò bínú. Mo máa ń wò yín...

Démiládé, tó o bá débẹ̀ lọ́la, kí ọ̀gá ẹ bó ṣe ní kẹ́ ẹ kí òun. Ṣùgbọ́n tó o bá ṣẹ èèyàn, tó o rí i tó ń lọ, má dúró gba báàjì. Ayé tiyín yìí, ẹ ó ní ẹ ó fi wọ́ọ̀sáàpù bẹ̀ ẹ́ tó bá yá. Má dúró. Sáré tẹ̀lé e.

Ó tó. Òǹgbẹ ń gbẹ mí. Bu omi wá fún mi... Rárá, má gbé e sórí tábìlì. Fi lé mi lọ́wọ́.