Ọ̀rọ̀ Tí Àwẹ̀ró Gbé Mì

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí koríko ṣì ni òrùlé ilé yìí, Òòṣàdípẹ̀ ni baálé ibí. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ tòògbé, kó yáa wá ẹní rẹ̀ lọ nísinsìnyí. Ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró ni mo fẹ́ sọ, ìyá ńlá wa, ẹni tí n kì í dárúkọ rẹ̀ kí orí mi má wú.

Àwẹ̀ró kì í ṣe ìyàwó ilé yìí o. Ọmọ Òòṣàdípẹ̀ ni. Ilé ọkọ ò gbè é, kò sì bímọ, ló bá di ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá. Ọmọ-osú ni. Ó ń ran òwú, ó ń hun kíjìpá, ó ń wá oúnjẹ ara rẹ̀. Ẹ mọ bí ayé ṣe rí fún ọmọ-osú: bí ilé bàbá bá lé e, kò sí ibòmíràn tó tún ń lọ.

Àwọn ọkùnrin méjì ló bá a pín bàbá. Òòṣàgbèmí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ló ń bọ Ọbàtálá, ó ń wọ funfun, kì í fẹnu kan ẹmu. Sùbérù ni àbúrò rẹ̀, òun ló gba ìmàle, ó ń wọ funfun, òun náà kì í fẹnu kan ẹmu. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Síbẹ̀ wọn kì í jọ jẹun.

Bàbá wọn ńkọ́? Bàbá a máa bá ẹ̀gbọ́n bọ òòṣà láàárọ̀, a jókòó ti àbúrò láti gbọ́ wáàsí nírọ̀lẹ́, a máa mi orí síhìn-ín, a máa mi orí sọ́hùn-ún. Ta ló mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Àìsàn wá dá bàbá dùbúlẹ̀. Òòṣàgbèmí ní bí bàbá bá kú sínú òòṣà, kí Sùbérù kó ìyàwó kó ọmọ jáde. Sùbérù ní bí bàbá bá kú sínú ìmàle, ojúbọ òòṣà ò ní í sùn nílé náà mọ́jú, àti ẹni tó ń bọ ọ́. Ni ilé bá pín sí méjì, ni wọ́n bá ń pọ́n àdá.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni ọlọ́jọ́ dé. Sùbérù wà ní mọ́ṣáláṣí, Òòṣàgbèmí wà lóko. Àwẹ̀ró nìkan ló jókòó ti bàbá, tó ń ran òwú. Bàbá na ọwọ́ sí i, ó gbé etí sún mọ́ ọn lẹ́nu. Bàbá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn, ṣùgbọ́n ó yé Àwẹ̀ró yékéyéké. Bàbá sì lọ.

Àwẹ̀ró gbọ́ tí àwọn ọmọ Òòṣàgbèmí àti àwọn ọmọ Sùbérù jọ ń rẹ́rìn-ín lágbàlá, ó sì mọ̀ pé ohun tó wà létí òun ló máa tú wọn ká. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó mú kíjìpá funfun tó hun pamọ́ de ikú ara rẹ̀, ó fi di bàbá kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Òòṣàgbèmí kọ́kọ́ wọlé, ọkọ́ ṣì wà léjìká rẹ̀. "Àwẹ̀ró, kí ni bàbá wí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sin bàbá."

Sùbérù náà dé, ó lóṣòó níwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ tìtorí Ọlọ́hun. Ṣé bàbá jẹ́rìí sí Ọlọ́hun kan ṣoṣo kó tó lọ?"

"Sùbérù, bó bá wu bàbá kí ẹ gbọ́ ọ, ojú yín ni ì bá ti sọ ọ́. Etí mi ló fi í sí. Ibẹ̀ náà ni yóò wà."

Wọ́n gbé irin wá pé kó fi búra, ó kọ̀. Wọ́n gbé Kùránì wá, ó kọ̀. Òòṣàgbèmí fárígá: "Bí o ò bá sọ ọ́, di ẹrù rẹ! Ilé yìí ò gbà ọ́ mọ́!" Sùbérù tí kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ohùn kan, ó bá a ṣe é lọ́jọ́ náà.

Ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yìí wí. Ó ní, "Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìdajì ilé yìí ni yóò jáde. Bí mo bá dákẹ́, èmi nìkan ni n ó jáde. Ẹ jẹ́ kí n lọ."

Ó lọ! Ó ń gbé abà nínú oko òwú, òjò ń pa á, òòrùn ń pa á. Kò sẹ́ni tó lè lé ẹnì kejì rẹ̀ mọ́, torí kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rí. Àwọn ará ìlú ń gbé ẹ̀bùn lọ bá a lábà láti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń gba ẹ̀bùn, ó ń dúpẹ́, kò sọ nǹkan kan. Títí dòní, àwọn kan ń sọ pé Òòṣàdípẹ̀ kú bí ìmàle. Àwọn kan ní irọ́ ni, òòṣà ló pè kẹ́yìn. Àwọn kan tilẹ̀ ní ẹ̀rù ogun àwọn ìmàle ẹlẹ́ṣin ló sọ ọ́ di onímàle. Ẹnu wọn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Etí kan ṣoṣo ló gbọ́.

Ó pẹ́ kí ojú tó ti àwọn ọkùnrin méjì yìí. Wọ́n ti hewú, ọmọ wọn ti ń bímọ nínú ilé kan náà, kí wọ́n tó jọ rìn dé abà, kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ wálé, kí wọ́n tó fún un ní yàrá bàbá. Ibẹ̀ ni ikú bá a. Àsímáwù, ọmọ-ọmọ Sùbérù, ló jókòó tì í. Gbogbo wọn gbọ́ ohùn ìyá àgbà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì dákẹ́.

Àsímáwù jáde, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn arúgbó méjèèjì dìde. Òòṣàgbèmí la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo àbúrò rẹ̀. Sùbérù ló wá béèrè:

"Ṣé ó rí omi mu?"

"Ó mu ún, bàbá."

Ni wọ́n bá dì mọ́ra, ni wọ́n bá bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ìdí rẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá kú nílé yìí, ì báà ṣe onímàle, ì báà ṣe onígbàgbọ́, ì báà ṣe ọlọ́òṣà, ohun kan náà là ń bi ẹni tó jókòó tì í. Èmi náà ti darúgbó. Bí ọjọ́ mi bá dé, ẹ má ṣe béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.